Bí A Ṣe Ń Dẹ Okùn Ìwọ̀ fún Àrọ̀ Nígbà Ooru Ẹ̀ẹ̀rùn

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kógbá sílé ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìdẹ wo ni àrọ̀ ń jẹ nínú ooru yìí?" Ẹni tó lo ìfun adìyẹ ń bèèrè, ẹni tó lo ọṣẹ ń bèèrè, ẹni tó wa ekòló kún garawa náà ń bèèrè. Tí mo bá wá bi wọ́n padà pé aago mélòó ni wọ́n fa okùn wọn jáde, wọ́n á ní aago 10 àárọ̀. Àwọn mìíràn á ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹja ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lásìkò ooru, ẹ kọ́kọ́ wo bí ìwọ̀ ṣe jìn sísàlẹ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ nínú omi tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìdẹ.

Okùn ìwọ̀ tí mò ń sọ ni okùn gbọọrọ kan tí a nà sínú omi láti ìhín sí ọ̀hún, tí a so okùn kéékèèké mọ́ lára, tí ìwọ̀ sì wà lẹ́nu ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èmi máa ń pe okùn gbọọrọ náà ní ìyá okùn, mo sì ń pe àwọn kéékèèké ní ọmọ okùn. Ogójì ìwọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí ènìyàn méjì lè ṣètò rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan láìsáré. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ìtọ́sọ́nà yìí ni kó lọ kà.

Ohun tí ooru ń ṣe nísàlẹ̀ omi

Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ọ̀sán Ìbàdàn máa ń tó 34 tàbí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojú omi adágún á gbóná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tutù díẹ̀, méjèèjì kò sì ní pò mọ́ra dáadáa tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Ewé àti koríko tó ń jẹrà nísàlẹ̀ á lo gbogbo atẹ́gùn tó wà níbẹ̀. Omi tó gbóná pàápàá kì í gba atẹ́gùn mọ́ra bíi ti omi tútù.

Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nítòsí etí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà láàyè nínú bàsíà ìyá ẹlẹ́ja láàárín ọjà Bódìjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú omi tí kò tó bò ó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ráyè yọ ẹnu sókè. Tí ìwọ̀ bá dè é mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti sí atẹ́gùn, yóò rì bí ènìyàn ṣe ń rì.

Mo mọ̀ pé ó ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín pé ẹja ń rì. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá apẹja kan kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi létí adágún Àṣèjirẹ. Mo ní, "Bàbá, ẹja tó ń gbénú omi?" Wọ́n ní, "Lọ fa okùn rẹ wò." Aago 11 ti lù. Àrọ̀ mẹ́sàn-án ló wà lórí okùn mi lọ́jọ́ náà. Méje ti kú, mẹ́ta nínú àwọn méje yẹn sì ti wú. Ọ̀bọ̀kún kò ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀, òun a tètè kú ju àrọ̀ lọ.

Torí náà, nǹkan mẹ́ta ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: kí ìwọ̀ má jìn jù, kí okùn má le jù, kó má sì pẹ́ jù nínú omi.

Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ra okùn

Omi mímu ni Ẹlẹ́yẹlé àti Àṣèjirẹ. Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé ní 1942 tó fi di adágún Ẹlẹ́yẹlé. Odò Ọ̀ṣun ni ti Àṣèjirẹ, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ilé ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí omi náà ń dé. Nítorí náà:

- Ẹ bá àwọn tó ń ṣọ́ omi sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè olórí àwọn apẹja ibẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa. Àwọn ni yóò fi ibi tí ẹ lè nà sí hàn yín àti ibi tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.
- Ẹ jìnnà sí ògiri ìsédò àti sí ibi tí páìpù ti ń fa omi.
- Ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sómi nítorí ẹja, ẹnikẹ́ni tí ì báà sọ fún yín pé ó yá. Májèlé ni, ẹ ó sì mu ún.
- Adágún Awba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń wọ̀ lọ na okùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni adágún oko olóko.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Okùn ọ̀rá alágbára, tó nípọn tó mìlímítà 3 tàbí 4, mítà 60. Èyí ni ìyá okùn.
- Okùn ọ̀rá tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, mítà 25, fún ọmọ okùn
- Ìwọ̀ 50 (ogójì fún okùn, mẹ́wàá fún èyí tó bá sọnù tàbí tó ṣẹ́)
- Kẹ́ẹ̀gì olóòlítà mẹ́rin, méjì, tó ní ìdérí tó dì dáadáa
- Ike omi 50cl mẹ́rin tó ṣófo
- Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù méjì, àti òkúta mẹ́ta tó wúwo ju ìlàjì kílò lọ
- Bàsíà ńlá kan àti sílípáàsì ògbólógbòó
- Ọ̀bẹ mímú, púláyà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì orí méjì
- Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹnì kan, ọ̀kan
- Kúlà àti yìnyín

Ẹ ò ní wá okùn tì ní Ògùnpa tàbí Dùgbẹ̀. Ní ti ìwọ̀, ó sàn kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja létí omi níbi tí wọ́n ti ń ra tiwọn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń rú ènìyàn lójú. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, bí 2, 4, 6, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Tó bá jẹ́ pé òdo wà lẹ́yìn rẹ̀, bí 1/0, 2/0, 3/0, ó yí padà: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló tóbi. Fún àrọ̀ tó tó kílò kan sókè, 1/0 tàbí 2/0 dára. Tí ẹ bá rí irú ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí òrùka, ẹ mú ìyẹn. Igun ẹnu ló máa ń mú ẹja, kì í wọ ọ̀fun, ẹja a sì pẹ́ láyé lórí rẹ̀.

Ṣíṣe okùn nílé

Ilé ni kí ẹ ti ṣe é, ní ọ̀sán, lórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹni tó bá ń ta kókó nínú ọkọ̀ lálẹ́ ń wá wàhálà.

1. Ẹ na ìyá okùn sílẹ̀. Ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ ní orí rẹ̀, kí ẹ tó ta kókó àkọ́kọ́.
2. Ẹ ta kókó kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 120 títí ó fi pé ogójì. Yóò ku bíi mítà 6 mìíràn ní ìdí.
3. Ẹ gé ọmọ okùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, 60. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so orí àti ìdí rẹ̀ tán, yóò ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 45.
4. Ẹ so ìwọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi agbára fà á wò. Èyí tó bá yọ̀ lọ́wọ́ yín yóò yọ̀ lẹ́nu ẹja.
5. Ẹ so ọmọ okùn mọ́ ìyá okùn ní ojú kókó kọ̀ọ̀kan, kó má bàa máa yọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Tí agbára yín bá ká a, ẹ fi irin kékeré tó ń yí sáàárín méjèèjì. Àrọ̀ a máa yí ara rẹ̀ po bí ọ̀wú tí wọ́n ń ran, irin yìí ni kì í jẹ́ kí okùn lọ́.
6. Ẹ la sílípáàsì ògbólógbòó ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi há etí bàsíà yíká. Ẹ máa ká ìyá okùn sínú bàsíà, kí ẹ sì máa gún ìwọ̀ mọ́ sílípáàsì náà lẹ́sẹẹsẹ, láti ìkejìlélógójì wá sórí... ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti ka ogójì sí méjìlélógójì rí, mo sì fi gbogbo alẹ́ wá ìwọ̀ méjì. Láti ogójì wá sórí ìkíní ni, kí ìkíní lè wà lókè nígbà tí ẹ bá fẹ́ jù ú.

Ìdí tí mo fi ní sẹ̀ǹtímítà 120 ni pé ọmọ okùn méjì tó jẹ́ 45 lè na ara wọn dé 90. Tí àyè àárín wọn kò bá ju ìyẹn lọ, ẹja méjì tó bá súnmọ́ra yóò so ara wọn pọ̀, ọ̀bẹ nìkan ni yóò sì tú wọn.

Ìdẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò yéé béèrè

Ìṣòro ìdẹ nínú ooru ni pé ó ń rọ̀, ẹja wẹ́wẹ́ sì ń já a jẹ. Epìyà kì í sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ẹ bá fi ekòló sódò ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, epìyà yóò ti jẹ ẹ́ tán kí àrọ̀ tó jí.

Ìfun adìyẹ ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà ni mo ti ń gbà á. Ẹ fọ̀ ọ́ díẹ̀, kí òórùn rẹ̀ má tán, ẹ gé e ní gígùn ìka kan, ẹ bu iyọ̀ sí i, kí ẹ sì sá a fún bí ìdajì wákàtí kó lè yi. Ẹ gún un mọ́ ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnu ìwọ̀ yọ síta.

Ekòló dára fún àrọ̀ kékeré, ẹ kó mẹ́ta mẹ́rin sórí ìwọ̀ kan. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a gé sí wẹ́wẹ́ náà dára, pàápàá fún ọ̀bọ̀kún.

Ọṣẹ ńkọ́? Àwọn apẹja ń lò ó lóòótọ́, ó sì ń pa àrọ̀. Wọ́n á gé ọṣẹ ìfọṣọ sí wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà oníhóró, wọ́n á sá a kó gbẹ, epìyà kì í sì í fọwọ́ kàn án. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ nínú omi tí ará ìlú ń mu. Lórí adágún oko, ẹ ṣe bó ṣe wù yín.

Yíyan ibi tí ẹ máa nà án sí

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án kí ẹ tó lọ lálẹ́. Ẹ mú ọ̀pá ọparun tó gùn, tí ẹ ti sàmì sí lára ní ìdajì mítà, ìdajì mítà, kí ẹ fi máa gún ìsàlẹ̀ omi.

Ibi tí omi ti jìn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀ ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹja ńlá yóò ti sá lọ síbi tó jìn jù lọ nítorí oòrùn. Lọ́sàn-án, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran òru ni àrọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, etí omi ló ń wá oúnjẹ lọ, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò àti ẹja wẹ́wẹ́ wà. Ẹ na okùn sí ojú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ láti ibú wá sétí.

Ibi tó dára: ẹnu ibi tí odò kékeré ti ń wọ adágún, etí ibi tí koríko orí omi ti parí, ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà odò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ojú oró ló ń lékè omi, àwọn àgbà ti wí. Ẹ jẹ́ kó lékè níbẹ̀, kí ẹ má na okùn sí abẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó máa ń bo Ẹlẹ́yẹlé. Atẹ́gùn kì í dé abẹ́ koríko tó bá dí, tí afẹ́fẹ́ bá sì tì í, á wọ́ okùn yín lọ. Ẹ fi àyè bíi mítà 5 sílẹ̀ láàárín okùn yín àti koríko náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún ń jẹ́ kí omi fà, kùkùté igi tó ti wà lábẹ́ láti ọdún pípẹ́ a wá súnmọ́ òkè. Tí ọparun yín bá ń kan nǹkan líle lẹ́ẹ̀mejì ní ibì kan, ẹ kúrò níbẹ̀.

Àmì pé kí ẹ padà sílé lọ́jọ́ náà:

- Ọparun gbé ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ jáde
- Epìyà ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀, tí wọ́n ń gbẹ́nu mì gọ́lọ́gọ́lọ́
- Ẹja òkú ń léfòó
- Ìkùukùu dúdú ń ṣú bọ̀ láti ìlà-oòrùn

Dídẹ okùn

Ẹni méjì ni: ẹnì kan di àjẹ̀ mú, ẹnì kejì ń ju okùn. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà lára yín níbi tí ọwọ́ kan lè tó o. Nísàlẹ̀ àpò kọ́ o.

1. Ẹ gbéra ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹta, nǹkan bí aago 7 ni oòrùn ń wọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ ó ní wákàtí kan tí ojú ṣì ríran.
2. Ẹ so orí ìyá okùn mọ́ ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì mọ́ búlọ́ọ̀kù kan náà pẹ̀lú okùn mìíràn tó fi mítà kan gùn ju jíjìn omi lọ. Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀.
3. Kí ọkọ̀ máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ń jù ú máa tú ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò lára sílípáàsì, kó fi ìdẹ sí i, kó sì jẹ́ kó bọ́ sómi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ń tẹ̀lé ẹni tó ń jù ú. Tí okùn bá há, ẹ dá ọkọ̀ dúró kíá.
4. Ní ìwọ̀ karùn-ún, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ìkarùndínlógójì, ẹ so ike omi mọ́ ìyá okùn pẹ̀lú okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ní ìwọ̀ kẹwàá, ogún àti ọgbọ̀n, ẹ so òkúta mọ́ ọn.
5. Ẹ sọ búlọ́ọ̀kù kejì kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Kí ó tó kan ìsàlẹ̀, ẹ fa okùn díẹ̀, kí ẹ sì tún dá bíi mítà 5 padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ tún kà. Níbi tí ike wà, okùn yóò gòkè. Níbi tí òkúta wà, yóò lọ sílẹ̀. Okùn yín yóò máa lọ sókè sódò bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ ó mọ ibi tí ẹja wà: tó bá jẹ́ ìwọ̀ ìtòsí ike nìkan ló mú ẹja, ìsàlẹ̀ kò ní atẹ́gùn, lọ́jọ́ kejì ẹ bọ́ òkúta kúrò kí ẹ fi ike kún un. Mo ń kọ nọ́ńbà ìwọ̀ tó mú ẹja sínú ìwé kékeré kan. Láàárín alẹ́ mẹ́rin, ó ti sọ fún mi ju ohun tí gbogbo àríyànjiyàn ìdẹ lè sọ.

Mítà 5 tí ẹ dá padà ni yóò jẹ́ kí àrọ̀ tó há lè gbé okùn sókè, kó mí, kó sì tún lọ sílẹ̀. Okùn tó le bí okùn ìsáṣọ a máa pa ẹja, a sì máa fún un lágbára láti ya ẹnu ara rẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀.

Ẹ so aṣọ pupa mọ́ kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Ẹ má na okùn dí ojú ọ̀nà ọkọ̀.

Wíwò ó àti fífà á

Ẹ padà wò ó ní nǹkan bí aago 10 alẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ gbé ìyá okùn sórí etí ọkọ̀, kí ẹ sì máa fa ọkọ̀ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ẹja, ẹ pààrọ̀ ìdẹ. Kí aago 5:30 ìdájí tó lù, kí ẹ ti wà lórí omi láti fà á jáde. Kí oòrùn tó yọ, ó yẹ kí gbogbo ìwọ̀ ti wà nínú bàsíà. Tí alẹ́ bá gbóná tí ewé kankan kò mì, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀ rárá: ẹ nà án ní aago 7, ẹ fà á jáde ní aago 11, kí ẹ lọ sùn.

- Ẹ jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ má dìde dúró torí ẹja ńlá.
- Ẹ má ká okùn mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹ má sì so ó mọ́ ọkọ̀.
- Ẹ fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ gbé ẹja tó bá tóbi láti abẹ́ wá. Ọmọ okùn nìkan kò tó gbé e.
- Ọmọ ẹja, ẹ dá a padà. Tí ìwọ̀ bá ti wọ ọ̀fun rẹ̀, ẹ gé ọmọ okùn lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ẹ má fi púláyà tú ìfun rẹ̀ jáde.

Ooru kì í dúró de ẹja òkú. Ẹ kó o sínú kúlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìwọ̀n yìnyín kan sí ìwọ̀n ẹja kan, kí omi tó ń yọ́ lè máa jáde nísàlẹ̀. Tí yìnyín kò bá sí, ẹ jẹ́ kí àrọ̀ wà láàyè nínú àpò ìdọ̀họ tí ẹ rẹ sómi, lábẹ́ òjìji. Ti ẹja tí ẹ bá tó ti kú lórí ìwọ̀, ẹ ṣí etí rẹ̀ wò: tó bá ṣì pupa, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Tó bá ti rí bí eérú tàbí tí ikùn ti wú, ẹ ri í mọ́lẹ̀ jìnnà sí omi. Èéfín kò tún ẹja tó ti bàjẹ́ ṣe, ohun yòówù kí ẹni tó ń yan ẹja wí fún yín.

Òjìjí, ẹ̀gún àti ìjì

Òjìjí ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí díẹ̀, torí òun náà ń jẹ ìdẹ yìí. Ó jọ àrọ̀ lókùnkùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ sanra rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìrọ̀rí, ètè rẹ̀ nípọn, kò sì ní lẹbẹ gígùn lẹ́yìn. Èyí kékeré kan ló wà nítòsí ìrù. Iná mànàmáná wà lára rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ tútù gbé e rí, apá mi kú dé èjìká, díẹ̀ ló kù kí n bọ́ sómi. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ẹja kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ òjìjí, ẹ gé ọmọ okùn, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìwọ̀ kan kò tó ohun tí à ń jà lé lórí.

Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún líle lápá méjèèjì, ti ọ̀bọ̀kún tún wà lẹ́yìn. Ẹ di ẹja mú láti ẹ̀yìn orí, kí ìka yín wà lẹ́yìn ẹ̀gún. Tó bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, tí ẹ kò bá sì rántí ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ ipá (tetanus) gbẹ̀yìn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bùútù rọ́bà ni kí ẹ fi wọ etí omi. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń bẹ nínú omi adágún tí ìgbín kéékèèké bá wà.

Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta àti Kẹrin a máa bá ìjì àti àrá rìn. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ fi okùn sílẹ̀, ẹ wá sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò bẹ́ẹ̀, àrọ̀ ń sáré lọ sí ẹnu odò láti yé ẹyin, ọmọdé pàápàá lè pa á. Èmi kì í na okùn lọ́sẹ̀ yẹn. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá kún fún ẹyin lọ́jọ́ mìíràn, mo ń dá a padà. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

"Ìdẹ mi ń tán, ẹja kò sí." Ẹ tètè nà án ni. Ẹ dúró kí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú.

"Okùn mi lọ́ pọ̀." Ọmọ okùn gùn jù, tàbí ẹ dá okùn padà ju mítà 5 lọ, tàbí ìwọ̀ kò tò lẹ́sẹẹsẹ nínú bàsíà.

"Ìwọ̀ ń nà gbọọrọ." Ìwọ̀ tí kò dára ni, tàbí ó ti dógùn-ún. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan okùn lẹ́yìn gbogbo ìlò, kí ẹ fi gbẹ lábẹ́ òjìji. Oòrùn ń jẹ okùn ọ̀rá.

"Wọ́n jí ẹja orí okùn mi." Ẹ ò sí nítòsí ni. Ẹni tó bá nà án tó lọ sí Mọ́níyà lọ sùn kò lè bínú.

"Mi ò rí okùn mi mọ́." Ẹ má pa á tì. Ẹ mú ọ̀pá tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu, kí ẹ fi wọ́ ìsàlẹ̀ omi títí ẹ ó fi rí i. Okùn tó sọnù ń pa ẹja lọ, ó sì lè fa ẹni tó ń wẹ̀.

Tí ẹ kò bá ní ọkọ̀

Okùn etí omi: mítà 15, ìwọ̀ mẹ́jọ péré. Ẹ so orí kan mọ́ igi tàbí òpó ọparun tí ẹ rì mọ́lẹ̀, kí ẹ so òkúta mọ́ ìdí kejì, kí ẹ sì fi ọ̀pá tì í jáde kúrò létí. Ẹ má jù ú láti orí, ìwọ̀ mẹ́jọ tó ń fò kọjá etí yín kò dára. Ẹ wò ó ní wákàtí méjì méjì.

Kẹ́ẹ̀gì oníwọ̀ kan: kẹ́ẹ̀gì kékeré, okùn mítà kan, ìwọ̀ kan, òkúta kékeré. Ó dára fún adágún oko tí kò fẹ̀. Ẹja lè gbé kẹ́ẹ̀gì rìn, ó sì ráyè mí, nítorí náà òun ló ń mú ẹja wá láàyè jù. Mẹ́fà tó fún ẹnì kan, kí ẹ sì kà wọ́n kí ẹ tó kúrò.

Ìgèrè: ẹ fi ìfun adìyẹ sínú àpò àwọ̀n kékeré, ẹ so ó sínú ìgèrè, kí ẹ rì í sétí koríko ní ibi tí orí ìgèrè yóò ti yọ díẹ̀ lókè omi. Tó bá rì pátápátá, àrọ̀ tó wọ inú rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti mí. Ẹ fi ọ̀pá yẹ inú rẹ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò pẹ̀lú fẹ́ràn ẹja.